Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Grammy Ṣe Ń Pín Orin sí Ìsọ̀rí

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù yìí dá lórí àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá lórí àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n ń dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pa pọ̀, tí wọ́n sì ń pa rẹ́. A mú mẹ́rin nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn ọmọ mi ń bá mi jiyàn pé ọdún 2024 ni àwọn ará Grammy ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orin wà ní Áfíríkà. Èmi sì rántí pé wọ́n ti dárúkọ King Sunny Adé níbẹ̀ kí àwọn ọmọ yìí tó dáyé. Abẹ́ ìsọ̀rí wo ló wà nígbà náà, kí ló sì dé tí a kì í gbọ́ orúkọ ìsọ̀rí náà mọ́? (Bàbá afẹ̀yìntì kan)

Ìdáhùn: Ìrántí yín péye, Bàbá. Ọdún 1984 ni orúkọ King Sunny Adé kọ́kọ́ wà lára àwọn olùdíje, nítorí àwo orin Synchro System. Ìsọ̀rí tí àwọn elétò fi àwo náà sí ni Best Ethnic or Traditional Folk Recording, àpò ńlá kan tí wọ́n ń kó gbogbo orin ìbílẹ̀ sí, yálà ó ti òkè òkun wá tàbí ó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó wà nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́dún yẹn ni Clifton Chenier, ọmọ ìpínlẹ̀ Louisiana, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè ní ọba orin zydeco, orin ijó tó jẹ́ pé àkọ́díọ̀nù ni òpó rẹ̀. Ọba méjì tí ìlú wọn jìnnà síra, tí èdè wọn yàtọ̀, tí ohun èlò orin wọn kò sì jọra, ni wọ́n ní kí àwọn olùdìbò gbé sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tí ẹni tó ń dìbò yóò fi mọ èyí tó dára jù láàárín gángan àti àkọ́díọ̀nù.

Láti ìgbà náà ni orin tó bá ti ní olùgbọ́ àti ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ tó nínú ọjà Amẹ́ríkà ti ń jáde kúrò nínú àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Régè ní ìsọ̀rí tirẹ̀ ní ọdún 1985. Ní ọdún 1987, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú orúkọ ìsọ̀rí àtijọ́ yẹn, ó ku orin ìbílẹ̀ nìkan, abẹ́ orúkọ tuntun náà sì ni ẹgbẹ́ akọrin Ladysmith Black Mambazo ti South Africa ti gba àmì-ẹ̀yẹ ní ọdún 1988. Nígbà tó di ọdún 1992 ni wọ́n dá ìsọ̀rí Best World Music Album sílẹ̀. Planet Drum, àwo tí Mickey Hart, onílù ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe, ló kọ́kọ́ gbà á, ọwọ́ Yorùbá sì wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí Babatunde Olatunji àti Sikiru Adepoju wà lára àwọn onílù tó lù ú. Inú ìsọ̀rí yìí ni King Sunny Adé tún ti díje ní ọdún 1999 pẹ̀lú àwo Odù, tí Gilberto Gil, ọmọ Brazil, sì borí.

Láti ọdún 2004 títí di ọdún 2011, wọ́n pín ìsọ̀rí náà sí méjì, ọ̀kan fún orin àbáláyé, èkejì fún orin ìgbàlódé. Ní ọdún 2012 wọ́n tún pa méjèèjì pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Global rọ́pò World nínú orúkọ rẹ̀, Burna Boy ló sì kọ́kọ́ gbà á lábẹ́ orúkọ tuntun yìí ní ọdún 2021. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, Bàbá, ni ìsọ̀rí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà nìkan, Best African Music Performance. Ẹ lè sọ fún àwọn ọmọ pé ogójì ọdún géérégé ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ yan King Sunny Adé àti ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Ta ní ń jókòó pín àwọn ìsọ̀rí wọ̀nyí gan-an? Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ni, àbí ìjọba Amẹ́ríkà? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan)

Ìdáhùn: Ìjọba kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ orin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, tí gbogbo ayé ń pè ní Recording Academy báyìí, ló ni ètò náà. Àwọn olórin, àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀, àwọn tó ń darí iṣẹ́ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rọ wọn ni ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dìbò. Ọmọ ẹgbẹ́ lè kọ àbá pé kí a dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀ tàbí kí a yí ti àtijọ́ padà. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àmì-ẹ̀yẹ yóò yẹ àbá náà wò, lẹ́yìn náà ni yóò dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn alákòóso àgbà, tí àṣẹ ìkẹyìn wà lọ́wọ́ wọn.

Ìsọ̀rí 28 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Bí oríṣi orin tuntun ti ń yọjú ni wọ́n ń fi kún un, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìkánjú tó mú wọn kábàámọ̀. Wọ́n dá ìsọ̀rí orin dísíkò sílẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún 1980, Gloria Gaynor gbà á, ó sì parí síbẹ̀, nítorí òkìkí dísíkò ti ń rọ̀ kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n so orin rọ́ọ̀kì líle àti métà (metal, rọ́ọ̀kì tí ariwo gìtá rẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ) pọ̀ sínú ìsọ̀rí kan, wọ́n sì gbé e fún Jethro Tull, ẹgbẹ́ tí fèrè rẹ̀ lókìkí ju ariwo gìtá rẹ̀ lọ, nígbà tí gbogbo èèyàn ń retí Metallica, tó jẹ́ ẹgbẹ́ métà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Nígbà tí yóò fi di ayẹyẹ ọdún 2011, ìsọ̀rí ti di 109. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ẹgbẹ́ náà kéde pé òun yóò dín in kù sí 78. Wọ́n fòpin sí pípín akọrin ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ nínú orin pọ́ọ̀pù, R&B àti kọ́ńtírì. Orin zydeco, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀ ní ọdún 2008, tún padà sínú ìsọ̀rí àpapọ̀ pẹ̀lú orin Hawaii àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn olórin jáàsì onílù Látìn ló jà jù: wọ́n ṣe ìwọ́de, díẹ̀ nínú wọn tilẹ̀ gbé ẹgbẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, ní ọdún 2012 ni ẹgbẹ́ náà sì dá ìsọ̀rí wọn padà. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí, nítorí ó fi hàn pé àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n sì lè pariwo ni ìsọ̀rí wọn kì í tètè kú.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ pé iye ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ìsọ̀rí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán olórin 40 tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún. Bí wọ́n bá wà láàárín 25 sí 39, olùdíje mẹ́ta péré ni wọn yóò yàn. Bí wọn kò bá tó 25, ìsọ̀rí náà yóò sinmi lọ́dún yẹn, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léraléra, ó parí nìyẹn. Lónìí, iye ìsọ̀rí ti tún gòkè: ó jẹ́ 94 ní ọdún 2024, ó sì di 95 fún ti ọdún 2026.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ìsọ̀rí Áfíríkà yìí sé wa mọ́ igun kan ni, kí a má bàa bá wọn du àwọn àmì-ẹ̀yẹ ńlá? (Olólùfẹ́ orin kan)

Ìdáhùn: Ní ti òfin, rárá. Ní ọdún 2025, Tems gba ìsọ̀rí Áfíríkà pẹ̀lú Love Me JeJe, ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, àwo rẹ̀ díje nínú ìsọ̀rí àwo orin àgbáyé (ti Global tí a dárúkọ lókè), orin rẹ̀ mìíràn sì díje nínú ìsọ̀rí orin R&B. Ìsọ̀rí kan kò dí ìkejì lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti rí àbùkù ni bí ìsọ̀rí náà ṣe fẹ̀ tó. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ló ni mẹ́rin nínú orin márùn-ún tí wọ́n yàn, láti ọ̀dọ̀ Burna Boy, Davido, Ayra Starr, àti Asake pẹ̀lú Olamide, síbẹ̀ Tyla, ọmọ South Africa, ló gbé e lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ wa, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí orin Tyla dára. Ohun tó yẹ kó bí wa nínú ni pé fún ayẹyẹ ọdún 2026, wọ́n pín ìsọ̀rí àwo orin kọ́ńtírì tiwọn sí méjì, ọ̀kan fún ti àbáláyé, ọ̀kan fún ti ìgbàlódé, nígbà tí orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta ń pín ẹyọ kan ṣoṣo nílẹ̀ Áfíríkà.

Ìbéèrè: Èmi ni alábòójútó ẹgbẹ́ olórin fújì kan. Ṣé ààyè wà fún wa nínú ìsọ̀rí Áfíríkà yìí, pẹ̀lú bí orin wa ṣe máa ń gùn?

Ìdáhùn: Ààyè wà. Nínú àlàyé tí ẹgbẹ́ náà ṣe nígbà tí wọ́n dá ìsọ̀rí náà sílẹ̀, wọ́n dárúkọ fújì pẹ̀lú ẹnu ara wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áfúróbíìtì, háíláìfù, amapiano, bongo flava àti àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n orin ẹyọ kan ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò níbẹ̀, ó sì ṣòro láti gé ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú fújì kí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ìsọ̀rí àwo orin àgbáyé ló bá yín mu jù. Òfin àwo sọ pé kí ó ní orin márùn-ún tó yàtọ̀ síra, kí àpapọ̀ wọn sì tó ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó gùn tó ìṣẹ́jú 30, iye yòówù kí orin inú rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, àwo tó ní orin méjì péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ogún ìṣẹ́jú, àwo ni lójú òfin. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ pé èyí tó ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ jẹ́ orin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀, kí ó jáde láàárín àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọdún náà, kí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà sì lè rí i rà tàbí gbọ́.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn olùdìbò. Yàtọ̀ sí àwọn àmì-ẹ̀yẹ àgbà, ìsọ̀rí mẹ́wàá péré ni olùdìbò kan lè fọwọ́ kàn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀ka orin mẹ́ta, nítorí náà ẹni tí kò mọ fújì lè kọjá ẹ̀ka yín láìwò ó. Ẹ wá olórin tàbí ẹlẹ́rọ tó mọ iṣẹ́ yín, tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà sì ti jáde tó, kí ó béèrè fún ipò ọmọ ẹgbẹ́. Ìwé àtìlẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ akẹgbẹ́ méjì nínú iṣẹ́ orin ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀.