Ọjọ́ Ẹyẹ, Ọjọ́ Èèyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ sí Uganda, gáìdì á mú wa lọ wo ẹyẹ, á tún mú wa lọ wo àṣà wọn. Ọkọ mi ló fẹ́ràn ẹyẹ, èmi ìtàn ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé kí n kúkú máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ẹyẹ? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má sùn o! Níbẹ̀ yẹn, ibi tẹ́yẹ wà náà nìtàn wà.

Ẹ wo irà Mabamba létí adágún Victoria, tí ò jìnnà sí Entebbe. Ibẹ̀ lọkọ yín máa fẹ́ wo shoebill, ẹyẹ aláwọ̀ eérú tó ga ju mítà kan lọ, tẹ́nu ẹ̀ rí bíi bàtà. Ọkọ̀ igi kékeré lẹ máa wọ̀ láàárọ̀ kùtù, tẹ́ ẹ bá rí i á kàn dúró gbagidi, ẹ máa rò pé ère ni, àfi tó bá ṣàdédé já lu ẹja. Ẹja tó fẹ́ràn jù ni lungfish, mmamba lédè Luganda, ibí gan-an lọ̀rọ̀ sì ti kàn yín. Tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja gbà pé ẹni tó bá pàdé ẹyẹ yìí ò ní rẹ́ja pa lọ́jọ́ náà, wọ́n sì máa ń pa á. Àmọ́ ní báyìí àwọn apẹja náà wà lára àwọn tó ń tukọ̀ fálejò, owó tó ń tìdí ẹ̀ wọlé ti jẹ́ kí wọ́n máa dáàbò bò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ìdílé wọn. Ní Buganda, ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Luganda, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní nǹkan tó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, àwọn Mmamba kì í jẹ ẹja yẹn, àwọn Nnyonyi Nyange sì rèé, lékèélékèé ni tiwọn. Ọkọ yín náà á gbádùn ẹ̀!

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti Bwindi, igbó kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Uganda. Igbó yẹn kún fún ẹyẹ gan-an, ìnàkí ńlá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ làwọn Batwa ń gbé tí wọ́n ń ṣọdẹ tí wọ́n ń wá oyin, títí di 1991 tí ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ẹranko tí wọ́n sì lé wọn jáde láìfún wọn nílẹ̀. Àwọn Batwa kan ń mú àlejò káàkiri báyìí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé èló ló máa dọ́wọ́ wọn, ṣé àwọn fúnra wọn ló máa sọ̀rọ̀ àbí ijó lásán ni wọ́n máa jó kẹ́ ẹ fi ya fọ́tò. Tó bá jẹ́ ijó nìkan, ẹ wá ẹlòmíì jàre. Kí ọkọ yín bi wọ́n lórúkọ ẹyẹ tó bá rí, àti èyí tí wọ́n máa ń fetí sí nígbà tí wọ́n bá ń wá oyin.

Awò awọ̀nàjíjìn méjì ni kẹ́ ẹ rà o, ẹ má pín ọ̀kan lò.