Quilt mi (aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀) wú láàárín, etí rẹ̀ sì ń rú: kí ni kí n ṣe kí n tó rán an mọ́ inú rẹ̀ (ìpele rírọ̀ tí a máa ń fi sí abẹ́ rẹ̀)?

Ẹ má tíì rán an mọ́ inú o. Bí aṣọ bá wú, ṣe ni máṣíìnì yóò ká a jọ.

Bó bá jẹ́ etí ló ń rú, aṣọ tí ẹ fi gbá a létí ló sábà máa ń gùn jù. Ẹ tú u. Mo mọ̀ pé títú máa ń dunni. Àárín quilt náà ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe etí, torí etí ti fà. Ẹ gé aṣọ etí méjèèjì sí ìwọ̀n àárín yẹn, kí ẹ fi píìnì mú un láti àárín lọ sí igun. Èyí tó gùn díẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀ bí ẹ bá ń rán an: eyín máṣíìnì yóò fà á wọlé.

Wíwú kékeré kò nílò títú. Ẹ wọ́n omi àti sítáàṣì sí i, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ káàkiri, pàápàá lórí ègé tí a gé láti igun dé igun. Inú onírun àgùntàn máa ń gba wíwú tó bá kù ju inú pẹlẹbẹ onífọ́nrán òwú lọ.