Ìbẹ̀rù Olúwa àti Ọgbọ́n: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa ní Èkìtì

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú èyí tí àwọn òǹkàwé wa láti Èkìtì fi ránṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wádìí lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni ẹ̀rù Ọlọ́run ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n? Èkíní ni a dáhùn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ìṣirò kò sì yé e dáadáa. Arákùnrin kan tí a jọ ń jọ́sìn ní kí n mú un kúrò ní ilé ìwé rẹ̀, kí n lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní míráàkù sẹ́ńtà kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ. Mo ní ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n kí a lè lò ó ni, ó sì ṣí Jòhánù Kìíní 4:18 fún mi, níbi tí a ti sọ pé ìfẹ́ tí ó pé a máa lé ìbẹ̀rù jáde. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ Bàbá wa lóòótọ́, ṣé ó tún yẹ kí a máa bẹ̀rù rẹ̀?
Ìyá ọlọ́jà, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ Bíbélì tí arákùnrin yẹn kà fún yín, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ka èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ ìdájọ́ ni Jòhánù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní ìfẹ́ di pípé nínú wa kí a lè ní ìgboyà ní ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ìyà ni ìfẹ́ ń lé jáde, ìyẹn ẹ̀rù ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, tí kò sì gbà pé a lè dárí ji òun. Jòhánù kò sọ pé ìfẹ́ ń lé ọ̀wọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ẹni tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run lè máa ṣe bí ó ti wù ú níwájú rẹ̀.

Ẹ wo Ẹ́kísódù 20:20. Òkè Sínáì ń rú èéfín, ààrá ń sán, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sì ti fà sẹ́yìn, wọ́n dúró lókèèrè. Mósè ní kí wọ́n má bẹ̀rù. Kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi sọ fún wọn pé Ọlọ́run wá kí ẹ̀rù rẹ̀ lè wà níwájú wọn, kí wọ́n má baà dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀rù kan wà tí ń mú ènìyàn sá fún Ọlọ́run, òun ni ó mú Ádámù sá pamọ́ sáàárín igi ọgbà. Ẹ̀rù kejì ń mú ènìyàn sá fún ẹ̀ṣẹ̀, òun ni ó sì wà lára Jósẹ́fù ní ilé Pótífárì ọ̀gá rẹ̀ ní Íjíbítì, nígbà tí aya ọ̀gá náà ní kí ó bá òun sùn, tí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé, tí bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn, tí ó sì jẹ́ ẹrú. Kò bèèrè bóyá àṣírí yóò tú. Ohun tí ó bèèrè ni bí òun yóò ṣe hu irú ìwà búburú ńlá bẹ́ẹ̀, kí òun sì dẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Sáàmù 130:4, níbi tí olórin ti sọ fún Ọlọ́run pé ìdáríjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a lè máa bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ lè máa retí pé ìdáríjì ni yóò mú ẹ̀rù kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ná Jésù lórí igi àgbélébùú kò tún ní lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe sí bàbá tí ó fẹ́ràn ni: kì í ṣe pàṣán ni ó dá a lẹ́kun irọ́ pípa, bí kò ṣe pé kò fẹ́ rí ọjọ́ tí bàbá òun yóò fajú ro nítorí òun.

Ìdí nìyí tí ìwé Òwe 9:10 fi sọ pé, "Ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n." Kò sí ìmọ̀ràn tí ènìyàn ń dá nínú ọkàn rẹ̀ tí kò ní ohun kan tí ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Èsì ìdánwò ni arákùnrin yín kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ó wá ṣírò owó rẹ̀, ó ṣírò ọ̀nà tí wọn kò fi ní mú ọmọ náà, ó sì rí i pé gbogbo rẹ̀ bára mu. Àmọ́ kò ka Ọlọ́run mọ́ ọn. Bí a bá sì ti yọ Ẹni tí ó ni ọmọ náà, tí ó sì ni ọ̀la rẹ̀, sílẹ̀ nínú ìṣirò, bí ó ti wù kí ó gún régé tó, láti orí ìlà àkọ́kọ́ ni ó ti wọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run a máa fi í ṣáájú kí ó tó ka ohun mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka màgòmágó ìdánwò sí ọ̀ràn, WAEC sì lè fagi lé èsì àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó ní sẹ́ńtà tí àṣírí rẹ̀ bá tú. Ṣùgbọ́n, màmá wa, mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ìyẹn ni yóò dá yín dúró. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ẹ̀rù WAEC ni ẹ ní, yóò sì fò lọ ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi yé yín pé sẹ́ńtà tirẹ̀ kò léwu. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọmọ náà ń wò yín. Bí ó bá gbọ́ àdúrà yín ní ìdájí, tí ẹ sì fi owó ọjà yín ra irọ́ fún un ní ọ̀sán, ohun tí yóò kọ́ lọ́dọ̀ yín ni pé ilé ìjọsìn nìkan ni Ọlọ́run wà, àti pé ojú rẹ̀ kò dé yàrá ìdánwò. Ẹ̀kọ́ yẹn yóò pẹ́ lára rẹ̀ ju ìṣirò lọ.

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ní ilé ìwé rẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ gbé fún wọn ní míráàkù sẹ́ńtà, ẹ fi wá olùkọ́ ìṣirò tí yóò máa kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì. Bí kò bá yege nínú WAEC, NECO wà, ìdánwò WAEC ti àwọn aládàáni náà sì wà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé gíga ni ó sì ń gba àpapọ̀ èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ sí i ní ọdún kan, kò sọnù. Ẹ bá òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí tí ẹ fi kọ̀, kí ó má baà rò pé owó ni kò sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Adó-Èkìtì. Ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí wọn kò ka Ọlọ́run sí rárá. Ṣé a lè sọ pé wọn kò gbọ́n ni? Sólómọ́nì ńkọ́, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fún ní ọgbọ́n, kí ló dé tí kò fi gbà á lọ́wọ́ ìṣubú?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má ṣe kẹ́gàn ìmọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1933, nítorí pé wọn kò rí ìjà kankan láàárín Bíbélì àti ìwé kíkà. Dókítà tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè wo àìsàn rẹ sàn, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó fún un ní orí pípé. Ọgbọ́n tí ìwé Òwe ń sọ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kan bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń wọn ọjà, bí ó ṣe ń ṣe sí aya rẹ̀ àti sí tálákà, àti ohun tí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Ènìyàn lè mọ̀wé débi gíga, kí ó má sì mọ ìdí tí òun fi wà láyé.

Ní ti Sólómọ́nì, lọ ka Diutarónómì 17:16-20, kí o tó ka Àwọn Ọba Kìíní orí 10 àti 11. Òfin ti wà fún ọba Ísírẹ́lì pé kò gbọdọ̀ kó ẹṣin jọ láti Íjíbítì, kò gbọdọ̀ kó aya jọ, kò sì gbọdọ̀ kó wúrà àti fàdákà jọ ní àjọjù. Kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òfin náà kọ, kí ó máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ó lè kọ́ láti bẹ̀rù Olúwa. Sólómọ́nì ra ẹṣin ní Íjíbítì, wúrà tí ó ń wọlé fún un ní ọdún kan jẹ́ 666 tálẹ́ńtì, ó sì ní 700 aya àti 300 àlè. Nígbà tí ó di arúgbó, wọ́n yí ọkàn rẹ̀ padà sí òrìṣà. Ṣàkíyèsí pé ojoojúmọ́ ni òfin náà ní kí ọba máa kọ́ ìbẹ̀rù yìí. Ẹ̀bùn ọgbọ́n tí ó gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Gíbéónì nígbà èwe kò lè dípò ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣe láràárọ̀ ní ààfin. Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi àti ìwọ gan-an, nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tí Ọlọ́run ti là lójú rí láti máa fi ìmọ́lẹ̀ àná rìn, kí ó má mọ̀ pé ó ti ń ṣókùnkùn.

ÌBÉÈRÈ: Alàgbà ìjọ ni mí ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì. Olùṣọ́ àgùntàn wa a máa sọ lórí pẹpẹ pé ẹni tí ó bá bèèrè bí a ṣe ná owó ìjọ kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Gbogbo ènìyàn ti dákẹ́. Ṣé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o, bàbá wa. Ìbẹ̀rù ènìyàn ni ó mú ìjọ yín dákẹ́, Òwe 29:25 sì ní ìkẹkùn ni ìyẹn máa ń mú wá. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:31, àwọn ìjọ ìgbà náà ń rìn nínú ìbẹ̀rù Olúwa àti nínú ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Méjèèjì ni wọ́n jọ ń rìn. Níbi tí a bá ti ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn láìsí ìtùnú kankan, ó yẹ kí a wádìí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an.

Ẹ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 12 fún ìgbìmọ̀ ìjọ. Ní ẹsẹ 24, Sámúẹ́lì ní kí àwọn ènìyàn bẹ̀rù Olúwa. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ní ẹsẹ 3, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí lòdì sí òun bí òun bá ti gba màlúù ẹnikẹ́ni, tàbí bí òun bá ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nehemáyà náà, nígbà tí ó jẹ́ gómìnà, kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ oúnjẹ gómìnà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ọdún 12, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó sì sọ pé ó fà á. Ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run kì í bínú nítorí pé a bi í léèrè. Ẹ mú alàgbà méjì dání, ẹ lọ bá olùṣọ́ àgùntàn yín ní ilé rẹ̀, kì í ṣe ní gbangba, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí a ka ìṣirò owó ìjọ sí etí gbogbo ọmọ ìjọ ní ìpàdé ọdọọdún, kí ẹ sì fi tiyín náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, bí owó ẹgbẹ́ kan bá wà lọ́wọ́ yín.