Ẹ má tì í mọ́lé o: ohun tójú wa rí lórí ọtí, kokéènì àti ọpọlọ àbúrò mi

Ẹ̀yin màmá tẹ́ ẹ bèèrè lánàá bóyá ọpọlọ ọmọ yín tí dókítà ní ó ti súnkì torí ọtí àti kokéènì á tún padà bọ̀ sípò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ní ẹ fẹ́ tì í mọ́ yàrá kó lè jáwọ́, àyà mi já. Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun táwa náà ṣe nìyẹn. Àbúrò mi ti ń mu ògógóró ní Láfẹnwá lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tówó wá wọlé ló bá ń fa kokéènì mọ́ ọn. A tì í mọ́lé, a gba fóònù, pásítọ̀ ń wá gbàdúrà láràárọ̀. Ọjọ́ kìíní, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé omi inú ife ń dà sí i láyà. Ọjọ́ kejì ó ń ṣa eèrà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sí eèrà kankan níbẹ̀. A ní ẹ̀mí burúkú ló ń jáde lára ẹ̀. Aago mẹ́ta òru ọjọ́ kẹta, gìrì gbé e bíi ti ọmọdé, ó gé ahọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ kún ìrọ̀rí, a ò rí mọ́tò, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan la bẹ̀. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ tipẹ́, tẹ́ ẹ bá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè kú. Kokéènì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá jáwọ́, oorun àti ìbànújẹ́ ni tiẹ̀. Ti ọtí, àwọn dókítà ní òògùn tí wọ́n fi ń mú kéèyàn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọsibítù tá a kọ́kọ́ dé, dríìpù oní-ṣúgà ni wọ́n kàn gbé kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó bi wá bóyá ó ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ọ̀mùtí tí kì í jẹun dáadáa, vitamin B1, ìyẹn thiamine, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣáájú ṣúgà yẹn tàbí pa pọ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹyinjú ẹ̀ ń mì síbí sọ́hùn-ún, kò lè rìn tààrà. Ó ní màmá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun, pé wọ́n gbé ọ̀fadà wá. Màmá wa kú ní 2011. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́! Ọpọlọ tí kò rántí nǹkan ló ń wá ìtàn dí ihò, Korsakoff ni wọ́n ń pè é. Dókítà ibẹ̀ gbé fíìmù ọpọlọ ẹ̀ sójú fèrèsé, ó ní ó ti súnkì, ó bá tiẹ̀ lọ. Inú ṣì ń bí mi.

Aro, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti là á yé wa. Ẹ má jẹ́ káwọn èèyàn fi orúkọ Aro dẹ́rù bà yín, ní 1954, nígbà ayé Lambo, dókítà ọpọlọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí bá aláìsàn gbé láwọn abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ní ọtí máa ń jẹ apá iwájú ọpọlọ tó ń sọ féèyàn pé ó tó, àti ọpọlọ kékeré tó wà lápá ìpàkọ́ tó ń mú kéèyàn dúró ṣinṣin. Kokéènì náà ń dín apá iwájú yẹn kù, ó tún ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ó lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́. Tí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀dọ̀ á sọ wọ́n di cocaethylene, ìyẹn sì burú fún ọkàn, nítorí náà tó bá ní àyà ń dun òun ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú. Ẹni tó bá sì ní òun ní àgbo tó ń lé ọtí, ẹ bi í bóyá omi ló fi rẹ ẹ́ àbí ògógóró.

Ìwádìí kan wà tí Karen Ersche ṣe ní Cambridge ní 2012, wọ́n wo ọpọlọ àwọn tí kokéènì àti irú òògùn bẹ́ẹ̀ ti di bárakú fún àtàwọn ọmọ ìyá wọn tí kò di bárakú fún, wọ́n bá irú ìyàtọ̀ kan náà nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ó lè ti wà níbẹ̀ kí òògùn tó dé. Nígbà tí mo kà á, mo sunkún. Mo ti pe àbúrò mi ní aláìlójútì fún ọdún mélòó kan.

Ẹ̀yin tiẹ̀ bi mí bóyá á padà. Apá kan máa ń padà, tó bá ti jáwọ́ nínú ọtí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti ìrántí ló ń le. Oṣù 14 rèé, àbúrò mi ń rìn tààrà, ó ń lọ ra ata ní Kútọ̀ pẹ̀lú ìwé lápò, ó sì ń mú ṣẹ́ńjì bọ̀ pé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bi mí lọ́jọ́ ìsinmi bóyá màmá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé ọmọ yín lọ lónìí, kí wọ́n tó gbé dríìpù kankan kọ́ ọ, ẹ bèèrè B1.