Ọkọ mi ń lù mí, kò sì sẹ́ni tó rí i: kí ni adájọ́ máa wò?

Ìbéèrè: Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nílé ọkọ. Ìdána la ṣe, a ò ṣe ti ìjọba. Ó máa ń lù mí, ó sì máa ń gba gbogbo owó àdìrẹ tí mo bá tà ní Ìtòkú. Lójú ará àdúgbò, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹbí ní bí mo bá dé kóòtù, adájọ́ á ní ká lọ parí ẹ̀ nílé. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá ọlọ́mọ méjì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àìsí ẹlẹ́rìí kò ba ẹjọ́ yín jẹ́. Adájọ́ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé inú yàrá ni wọ́n ti ń lu ìyàwó, kò sì ní torí pé ọkọ rọra ń sọ̀rọ̀ níwájú òun kó gbà pé kò lè lu èèyàn. Nínú ẹjọ́ ìgbéyàwó, ohun tó ń wá ni èwo nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló jọ òótọ́ jù. Nítorí náà, ẹ má gbàgbé láti sọ ti owó Ìtòkú tó ń gbà yẹn fún adájọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò tètè kúrò, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí wọn ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, níbo ló ń lọ?

“Ó máa ń lù mí” nìkan kì í tó. Ẹ mú ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ rántí dáadáa: ọjọ́ wo, kí ló fi lù yín, ta lẹ sá lọ bá. Aládùúgbò tó rí yín pẹ̀lú ojú wíwú láàárọ̀ ọjọ́ kejì lè jẹ́rìí sí ojú tó wú náà, bí ò tilẹ̀ rí ẹni tó lù yín.

Bí ẹ bá dé ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè tàbí Ìdí-Abà, ẹ sọ ẹni tó lù yín fún dókítà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń pàdánù. Ìtìjú á mú wọn sọ pé àwọn ṣubú ni, wọ́n á kọ ọ́ sí káàdì, lọ́yà ọkọ á sì fà á yọ ní kóòtù. Ẹ ya fọ́tò tó gbé ojú yín àti ojú ibi tó bó papọ̀, kí ẹ tún yà á ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, torí ara tó dáranjẹ̀ máa ń hàn sí i lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kankan rẹ́.

Nítorí pé ìdána lẹ ṣe, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ló lè tú u ká. Ẹni tó ṣe ti ìjọba ló ń lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Òótọ́ ni pé àwọn adájọ́ kọ́kọ́-kọ́kọ́ kan á kọ́kọ́ fẹ́ parí ìjà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà yín láti padà, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí àwọn àgbà parí ẹ̀ kẹ́yìn àti ọjọ́ tó tún lù yín lẹ́yìn náà. Ọjọ́ méjèèjì yẹn lágbára ju ẹkún lọ.

Ní ti àwọn ọmọ, “bàbá ló lọmọ” kọ́ ló ń dá ẹjọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti 2006, fi ire ọmọ ṣáájú. Bí wọ́n bá ń rí ìlù náà, tí ọmọ ń tọ̀ sílé tàbí tí kì í lè kàwé mọ́, ẹ sọ ọ́.

Lílù fúnra ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Òfin ìpínlẹ̀ wa tó ta ko ìwà ipá, ti 2017, wà fún un, ọ̀tọ̀ sì ni ẹjọ́ ìyẹn. Ẹ bi àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA nípa àṣẹ ààbò, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó máa ní kó má tún fọwọ́ kàn yín. Ẹ má dúró de òpin ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

Ọjọ́ tí akódà bá gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ fún ọkọ ló léwu jù. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ ti kó àwọn ọmọ, ìwé-ẹ̀rí yín àti ìwé ìbí wọn kúrò nílé, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì lọ́yà sórí ìwé ẹjọ́ dípò ibi tí ẹ sá lọ.