Táǹkì ẹja fíìtì 6 lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: sítáńdì pákó ni àbí ti irin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Mo fẹ́ gbé táǹkì ẹja ńlá sí pálọ̀ wa, fíìtì 6 ní gígùn, 2 ní fífẹ̀, 2 ní gíga. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Káfíńtà ní òun á fi pákó ṣe sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún mi, òun á sì fi síkúrúù gígùn dè é pinpin. Ọ̀rẹ́ mi ní á wó ni, pé irin nìkan ló lè gbé e. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, ìgbà wo ni mo sì lè kó ẹja sí i?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí káfíńtà tó gé pákó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹrù yẹn ná. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì yín á gba bíi lítà 650, gíláàsì mílímítà 12 tí wọ́n máa fi kàn án, òun fúnra ẹ̀ á lé ní kílò 120, yanrìn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 á tún gbé bíi 90 lé e, a ò tíì sọ ti òkúta, sítáńdì àti fílítà o. Kí ẹja kan tó wọbẹ̀ rárá ẹ ti ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, lórí ilẹ̀ tí ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́ ló ń fọ́ táǹkì. Gíláàsì lè gbé ẹrù, kó lọ́ ni ò lè ṣe. Tí igun kan bá fi mílímítà 2 tàbí 3 wálẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, kò ní fọ́ lójú ẹsẹ̀, á kàn máa fa ojú sílíkóònù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó lẹ gíláàsì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ oṣù kejì, ó lè jẹ́ ọdún kejì, ẹ ó kàn gbọ́ kàà lóru ọjọ́ kan ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá àwọn èèyàn jà lórí pákó àbí irin, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ṣé orí ẹ̀ tẹ́jú, ṣé ó sì máa tẹ́jú bẹ́ẹ̀ títí.

Pákó tó gbẹ dáadáa lè gbé e, kò sí wàhálà. Ibi tí ẹrù ń gbà dé ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí káfíńtà bá gbé pákó ìdábùú òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, tó wá fi síkúrúù kàn án mọ́ ọn, a jẹ́ pé síkúrúù ló ń gbé tọ́ọ̀nù kan yẹn, ẹsẹ̀ kàn dúró síbẹ̀ ó ń wòran. Kí pákó òkè jókòó sórí ẹsẹ̀ gan-an, kí ẹsẹ̀ náà jókòó sórí pákó ìsàlẹ̀, kí iṣẹ́ síkúrúù wá jẹ́ pé kó dì wọ́n mú kí wọ́n má yẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ fúnra yín. Àti pé ẹsẹ̀ mẹ́rin kéré jàre, àárín máa tẹ̀, mẹ́fà ni kó ṣe, mẹ́jọ tiẹ̀ dáa jù, kó sì kan plywood mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má bàa máa fì sọ́tùn-ún sósì.

Tí ẹ bá wá ní irin lẹ fẹ́, páìpù onígun mẹ́rin tó jẹ́ mílímítà 50, tó nípọn tó mílímítà 3, dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má ro pé irin ò lè lọ́ o, iná tí wẹ́dà fi ń jó o máa ń ká a. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ na okùn tínínrín láti igun kan sí igun tó kọjú sí i lókèèrè, ẹ na òmíì sí igun méjì tó kù, ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọjá lára wọn láàárín. Kí wọ́n kàn fara kanra ni. Tí àlàfo bá wà, tàbí tí ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ó ti lọ́ nìyẹn, kí wẹ́dà máa gbé e padà.

Táǹkì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ gíláàsì lásán, ẹ tẹ́ plywood sórí sítáńdì, kí ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ lé e. Èyí tó ní férémù rọ́bà yí ìdí ẹ̀ ká ò nílò fóòmù, férémù yẹn ló yẹ kó jókòó. Tí kò bá wá lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, abẹ́ ẹsẹ̀ sítáńdì lẹ ti máa ki nǹkan bọ̀ ọ́ o, ẹ má ki nǹkankan sábẹ́ gíláàsì láéláé.

Ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ilẹ̀ ilé gbígbé, bíi kílò 150 sí 200 lórí mítà kan níbùú lóòró ni wọ́n sábà máa ń ṣírò ẹ̀ fún, ẹ̀yin sì fẹ́ gbé ohun tó ń lọ sí 1,000 lé nǹkan bíi mítà kan yẹn. Kò túmọ̀ sí pé ilé máa wó, torí kò sí ẹrù lórí gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sáàárín pálọ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri tó gbé ilé ró. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ onípákó, kí táǹkì dábùú àwọn igi tó wà lábẹ́ ẹ̀, kó lè pín ẹrù sórí púpọ̀ nínú wọn. Kí ẹnjiníà ilé wá wò ó kí ẹ tó náwó kankan, tí ẹ bá sì ń háyà ilé, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Èmi o, tí àyè bá wà nísàlẹ̀ lórí kọnkéré, ibẹ̀ ni mo máa gbé e sí.

Tí ẹ bá máa pọn omi sí i, ẹ má tíì da yanrìn. Ẹ pọn ọ́n dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wò ó, ẹ pọn ọ́n dé ìdajì, ẹ tún wò ó, tó bá kún kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa fi tíṣù gbígbẹ nu etí ìsàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń sun. Wáyà gbogbo nǹkan oníná, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà, kí omi tó bá tẹ̀ lé e máa kán sílẹ̀, kó má wọnú iná. Hítà méjì kéékèèké dáa ju ńlá kan lọ, tí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣì mú omi lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ti ẹja, ẹ máa mú sùúrù ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 o. Amóníà tí ẹja ń yà sínú omi máa ń pa á, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì, inú fílítà ni wọ́n ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tó mọ́ gaara lójú ò sọ pé wọ́n ti débẹ̀. Ẹ máa kán amóníà díẹ̀ sí i kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, ẹ ra tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan wọ̀nyí nínú omi, tí amóníà àti náítíráìtì bá ti ń padà sí òdo láàárín ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ púpọ̀ nínú omi yẹn, kí ẹ wá kó ẹja díẹ̀ sí i, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kí káfíńtà tó fi ọ̀dà kun sítáńdì, ẹ ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé pákó òkè, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.