Níbo ni ìyókù prótọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù wọlé sí?

Àbúrò mi tó ń ka físíìsì ní Dangbo, ó ní ìṣirò onípele sọ pé prótọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà ní ìpele òde kábọ́ọ̀nù 12, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbá wọn jáde, ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí kà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù. Ìṣirò yẹn gbà pé kálukú ń dá rìn ni.

Bí méjì nínú àwọn prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù bá sún mọ́ra tó nǹkan bí 1 fm (fẹ́mtómítà), wọ́n á ta síra gidi: ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, mòmẹ́ńtọ̀mù wọn (ìwúwo pẹ̀lú eré) á sì ju ààlà Fermi, tí àwọn adárìn kì í sábà kọjá, nǹkan bí 250 MeV/c, lọ. Nínú márùn-ún, ọ̀kan máa ń wà nírú ipò bẹ́ẹ̀. Má ṣe kó gbogbo àìpé náà lé wọn lórí o. Ìmìtìtì kókó átọ́ọ̀mù lódindi ní ìpín tirẹ̀.

Ta wá ni ẹnì kejì? Níbi tó dùn nìyí. Ní Jefferson Lab, ibùdó ìwádìí físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, èsì tó jáde ní 2008 fi hàn pé láàárín 300 sí 600 MeV/c nínú kábọ́ọ̀nù, èjì-èjì prótọ́ọ̀nù pẹ̀lú niútírọ́ọ̀nù fi nǹkan bí ìlọ́po 20 pọ̀ ju ti prótọ́ọ̀nù méjì lọ. Agbára tẹ́nsọ̀, èyí tó gbára lé ìhà tí ìyípo àwọn méjèèjì kọjú sí, ló fà á. Prótọ́ọ̀nù méjì tó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀, ìyípo wọn sábà máa ń pa ara wọn rẹ́, tẹ́nsọ̀ kò sì rí ibi dì mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú òjé, tí niútírọ́ọ̀nù ti jẹ́ 126, prótọ́ọ̀nù 82, àwọn prótọ́ọ̀nù tó kéré níye ni ìpín wọn tó ń sáré pọ̀ jù.

A kò ní ẹ̀rọ ìtàfà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àgbélétan tó láti fi èjì-èjì tó sún mọ́ra nínú kókó átọ́ọ̀mù kan wé ti diútírọ́ọ̀nù, tó jẹ́ prótọ́ọ̀nù kan àti niútírọ́ọ̀nù kan. Mú iye σ (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ta lára kókó náà) tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, fi A, àpapọ̀ prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù, pín ti kókó náà, fi 2 pín ti diútírọ́ọ̀nù, kí o wá gbé àkọ́kọ́ lé èkejì. Ya èsì náà sórí x, ìwọ̀n tí ẹyọ kan tó dúró jẹ́ẹ́ kò lè mú ju 1 lọ, tí èjì kò sì lè mú kọjá nǹkan bí 2. Láti x 1.5 dé 1.9, tí Q² (ìwọ̀n bí ìgbá náà ṣe le tó) bá ti ju 1.4 GeV² lọ, ìlà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ: hílíọ́mù 4 tó 3.6, kábọ́ọ̀nù súnmọ́ 4.7, góòlù kò ju bí 5.2 lọ.

Bí ìlà náà bá dagun, yẹ Q² wò. Ó lè kéré jù, tàbí kó o ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú x 1.4, níbi tí àwọn adárìn ṣì pọ̀. Bó bá fò sókè lẹ́bàá x 2, diútírọ́ọ̀nù ló ti ń tán nílẹ̀. Gé ibẹ̀ kúrò. Fún góòlù, má fi àtúnṣe àtijọ́ nítorí àìdọ́gba prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù kún un: ó ka gbogbo èjì-èjì sí bákan náà.